Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sùn nílé àwọn Tai Dam: ohun tó yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn wọn

Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ tẹ́ ẹ ti wà ní Hanoi tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òyìnbó, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní Lágèrè níbí tẹ́ ẹ̀ ń wá físà kiri, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Họlidé máa dé, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín á ní ẹ jẹ́ ká lọ sórí òkè ká lọ wo abúlé, ẹ̀yin náà á gbé báàgì kọ́ èjìká, ẹ ó débẹ̀, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibi tí ò yẹ kẹ́sẹ̀ yín kàn, onílé á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó rò pé inú ẹ̀ ń dùn ni. Mo ti ṣe tíṣà lọ́hùn-ún rí, ní apá Sơn La, inú ilé àwọn Tai Dam, ẹ̀yà kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Vietnam, ni mo sì ń gbé, kì í ṣe hotẹ́ẹ̀lì, ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, gbogbo èyí tó kù, orí ẹ̀ ló dúró lé: ilé wọn, òkú ló kọ́kọ́ ni ín kó tó kan alààyè. Òpó ní oríṣi tó jẹ́, igun ilé ní ẹni tó ni ín, àtẹ̀gùn ní ẹni tó ń gùn ún. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní agbo-ilé n'Ìlódè tàbí n'Ìrèmọ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, ó mọ̀ pé wọn kì í wọlé onílé kí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà láì kí bàbá tó jókòó sọ́ọ̀dẹ̀. Ìdajì tó kù ló máa ń kó wa sí wàhálà, torí a máa ń rò pé bí tiwa ṣe rí náà ni tiwọn máa rí.

Ta ni wọ́n gan-an

Ẹ má pè wọ́n ní ará Thailand o, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn Tai pọ̀, wọ́n tàn ká láti gúúsù Ṣáínà dé Laos, dé Thailand, dé Myanmar, títí kan Assam ní Íńdíà lọ́hùn-ún. Àwọn tó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Vietnam là ń sọ níbí, Thái ni ìjọba ń kọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn, nígbà tí wọ́n sì ka èèyàn ní 2019 wọ́n lé ní mílíọ̀nù 1.8. Inú wọn la ti rí Tai Dúdú, ìyẹn Tai Dam, a sì rí Tai Funfun. Kì í ṣe àwọ̀ ara o, àwọ̀ ẹ̀wù àwọn obìnrin wọn lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá àwọn tó ń wo ìran lọ sí Mai Châu, tí gbogbo ilé ti di ilé àlejò, Tai Funfun lẹ bá níbẹ̀. Sơn La, Điện Biên àti Nghĩa Lộ ni Tai Dúdú pọ̀ sí, tiwọn ni mo mọ̀ jù, tiwọn náà ni mò ń kọ. Ogun kó àwọn kan lára wọn dé Amẹ́ríkà, ní 1975 ni gómìnà Iowa nígbà náà, Robert Ray, gbà wọ́n sílẹ̀ ìpínlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀sìn Buda tó gba Thailand àti Laos kan ò rí wọn gbé mì. Phi, ìyẹn ẹ̀mí, ni wọ́n ń bọ. Phi baba ńlá wà, phi abúlé wà, phi igbó wà, phi odò wà, kò sì síbi tí ẹ máa tẹ̀ sí tí ò lẹ́ni tó ni ín.

Wọ́n máa bi yín ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹ má kàn sọ pé Nàìjíríà kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ sọ ti Odùduwà fún wọn, bó ṣe fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀, bí àkùkọ ṣe fẹsẹ̀ tan yẹ̀pẹ̀ sórí omi, ẹ ó rí i bí àwọn àgbà á ṣe sún mọ́ yín. Torí àwọn náà ní tiwọn. Wọ́n ní inú agbè ńlá kan lèèyàn ti jáde ní Mường Thanh, ìyẹn ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Điện Biên Phủ torí ogun tó lé Faransé lọ ní 1954. Wọ́n tún ní àwọn olóyè méjì, Tạo Xuông àti Tạo Ngần, ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ sí Mường Lò, níbi tí Nghĩa Lộ wà báyìí, àwọn ọmọ wọn ló sì gba ibẹ̀ jà dé àwọn ilẹ̀ tó kù. Mo sọ ti Ifẹ̀ fún bàbá kan nídìí iná, ó bi mí pé ta ló di ẹ̀wọ̀n ọ̀hún mú lókè. Mi ò rí èsì fún un.

Ọ̀nà àti ìwé

Eléyìí ò gùn. Láti August 2023 ni Vietnam ti ṣí físà orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ará orílẹ̀-èdè gbogbo, ó lè tó 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọwọ́ ejẹ́ńtì kankan tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun bá yín "rí ọ̀gá", orí sáìtì ìjọba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Sơn La àti Điện Biên máa ń gbéra ní gáréèjì Mỹ Đình ní Hanoi. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá sùn, onílé gbọ́dọ̀ forúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí náà bó bá gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú, ẹ má sì rò pé wọ́n ń fura sí yín torí ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún Òyìnbó náà nìyẹn. Ẹ mú súwẹ́tà dání láàárín December sí February, òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe ti ọyẹ́ Ifẹ̀. Àti June dé August, òjò máa ń bá ọ̀nà jẹ́ gan-an, òkè máa ń ya lulẹ̀ sórí títì.

Kẹ́ ẹ tó wọ abúlé, ẹ wo ẹnu ọ̀nà

Bẹ́ ẹ bá rí ọparun tí wọ́n là pẹlẹbẹ, tí wọ́n hun papọ̀ tó fi dá ihò onígun mẹ́fà sáàárín, tí wọ́n wá gbé e kọ́ sórí igi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dúró síbẹ̀. Ta leo ni wọ́n ń pe ìyẹn, àmì pé kí àlejò má wọlé ni. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá rí màrìwò ọ̀pẹ lẹ́nu igbó kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yà, ẹ̀yin náà ẹ má bèèrè, ẹ má sọ pé fọ́tò kan péré ni mo fẹ́ yà. Ó lè jẹ́ pé gbogbo abúlé ń ṣe xên bản, ìyẹn ẹbọ tí wọ́n ń rú fún ẹ̀mí tó ń ṣọ́ abúlé, wọ́n máa ń sé ọ̀nà, àlejò ò gbọdọ̀ wọlé, iṣẹ́ oko dúró. Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ó lè jẹ́ pé aláìsàn wà nínú ilé tàbí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tó bá wọlé láìka ta leo sí, ó lè san ìtanràn, ìtanràn náà sì lè wúwo torí wọ́n lè ní kó wá owó ohun tí wọ́n máa fi tún ẹbọ náà rú látìbẹ̀rẹ̀. Tèmi ni pé ẹ padà sí títì, ẹ lọ jẹun ní búkà, ẹ padà wá lọ́la tàbí ọ̀túnla.

Nǹkan kan wà nínú xên bản tó máa ń dùn mọ́ mi láti sọ. Ẹ̀wù olórí abúlé ni wọ́n ń gbé síbi ẹbọ, ẹ̀wù yẹn ló dúró fún ẹ̀mí gbogbo ará abúlé. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn náà, ẹ̀wù ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ẹ̀mí ẹ̀ padà wálé. Torí náà ẹ̀wù ẹni tó wà lára okùn, ẹ má fà á wọ̀ fi ya fọ́tò apanilẹ́rìn-ín, ẹ má fi ti ẹlòmíì nuwọ́. Ní Ifẹ̀ níbí náà, ta ló máa jẹ́ kí àjèjì gbé ẹ̀wù òun lọ?

Àtẹ̀gùn, òpó, igun

Ilé wọn, orí òpó ló wà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń to igi ìdáná sí, wọ́n máa ń so ẹran níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, báyìí ọ̀kadà ló kún ibẹ̀. Òrùlé Tai Dúdú máa ń yípo létí méjèèjì bí ẹ̀yìn ìjàpá, wọ́n á wá fi igi méjì dábùú ara wọn ní góńgó orí ẹ̀, khau cút ni wọ́n ń pè é, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i, Tai Dúdú ló nilé. Ìtàn wọn ni pé ìjàpá ló kọ́ wọn nílé kíkọ́, ọkùnrin kan mú un nínú igbó ó fẹ́ pa á, ìjàpá ní kó dá òun sí, kó wo bí òun ṣe dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rin lòpó, ẹ̀yìn lòrùlé. Ìjàpá tiwọn ṣèèyàn o. Tiwa, bírísopé, ìbá ti gba owó iṣẹ́ ṣáájú kó sì sá lọ.

Ẹ bọ́ bàtà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wọn kì í ṣe iye tó ṣe é pín sí méjì dọ́gba, ẹ lè kà á bẹ́ ẹ bá fẹ́, àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń kà á. Ilé tó bá ṣì wà bíi ti àtijọ́ máa ń ní àtẹ̀gùn méjì. Èyí tó wà ní apá quản ni tọkùnrin àti àlejò, apá kejì, chan, ni tàwọn obìnrin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ nǹkan, tí wọ́n ti ń pọn omi wọlé. Ẹ̀yin àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba apá quản gòkè torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ títì, ẹ dúró kí ẹnì kan nínú ilé júwe fún yín. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní èyí ò dáa, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ọkùnrin àtobìnrin, ẹ bá wọn jiyàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ bá ti jẹ oúnjẹ wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ò ní ju àtẹ̀gùn kan lọ, ìyẹn ò ní wàhálà.

Bẹ́ ẹ bá dókè, ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ má yan àyè fúnra yín. Igun kan wà tí wọ́n ń pè ní hóng, ojú àwọn baba ńlá nìyẹn. Ó lè má ní nǹkan kan tó ń dán níbẹ̀, àga kékeré, abọ́, ife, nígbà míì aṣọ kan tí wọ́n fi gé e, ẹ lè rò pé ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ni. Ẹ má gbé báàgì síbẹ̀, ẹ má nasẹ̀ sí i, ẹ má cháàjì fóònù níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Òpó kan sì wà tí wọ́n ń pè ní sau hẹ, òun ni olórí òpó ilé, ẹ ò ní fi fìlà kọ́ ọ, ẹ ò ní fara tì í. Ààrò náà bẹ́ẹ̀, ilé àtijọ́ máa ń ní méjì, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan níbi tí àwọn àgbà ti ń yáná mu tíì, ẹ má rékọjá lórí ẹ̀, ẹ má fẹsẹ̀ ti òkúta ẹ̀, ẹ má tutọ́ sí i.

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ tọkọtaya, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kẹ́ ẹ ti fọgbọ́n bèèrè ibi tí kálukú máa sùn sí. Ilé míì ò fẹ́ kí tọkọtaya àlejò sùn papọ̀ lábẹ́ òrùlé wọn, kí wọ́n má baà já eléyìí lù yín lóru. Bẹ́ẹ̀dì wọn sì dùn o, òwú igi ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀, ìbátan àràbà tiwa ni igi náà, ìyàwó ló máa ń rán irú ẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí fún ìdílé ọkọ kó tó wọlé.

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá

Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni, wọ́n á ti rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á wá fi ooru omi sè é nínú igi tí wọ́n gbẹ́, kì í fara kan omi bó ṣe ń jinná. Inú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ fọwọ́, ẹ bu díẹ̀, ẹ fi ìka mẹ́ta yí i róbótó, ẹ tọ ọ́ bọ ata tí wọ́n ń pè ní chẩm chéo. Ẹni tó bá ti jẹ iyán rí ò nílò pé kí wọ́n kọ́ ọ, ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n, Òyìnbó tá a jọ wà níbẹ̀ ló ń fi ìrẹsì lẹ gbogbo ojú. Ẹ dé apẹ̀rẹ̀ náà padà kí ìrẹsì má baà gbẹ. Àgbà ló ń kọ́kọ́ nawọ́.

Inú chẩm chéo yẹn lẹ ti máa bá mắc khén, èso igi kan, pàdé. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ ẹ ó rò pé ata lásán ni, láìpẹ́ ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ètè á máa gbọ̀n wìnnìwìnnì. Ẹ má sáré mu omi, kò sóhun tó ṣe yín. Ẹbí igi àtà ni, èyí tá a fi ń ṣe orin, ẹni tó bá ti rin orin àtà láàárọ̀ ní Ifẹ̀ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá tó ń sè é, pé lọ́dọ̀ wa eyín là ń fi í fọ̀, ó pe gbogbo àwọn ìyàwó ilé wá gbọ́.

Ẹja yíyan wà tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì, ewéko á kún inú ẹ̀, ìyẹn pa pỉnh tộp, ó dára, ẹ jẹ ẹ́. Nậm pịa ńkọ́? Inú ẹran ni, kì í ṣe ìfun lásán o, ohun tó wà nínú ìfun kékeré màlúù tàbí ewúrẹ́ gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, ó korò. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, bí ò bá lọ, ẹ sọ pé ẹ ti yó, wọn ò ní fipá mú yín.

Ọtí ìrẹsì ni ìṣòro. Wọ́n á bu ún sí ife kékeré, ẹ ó mu ún tán, ẹni tó pè yín mu á wá bọ̀ yín lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe yí gbogbo ilé ká. Òmíràn wà nínú ìkòkò, gbogbo èèyàn á fi ọ̀pá gígùn fà á pọ̀. Ẹni tí ò bá ń mutí, kó yáa sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ kí ife kankan tó dé ọwọ́ ẹ̀, kó fi ètè kan ife àgbà ilé fún ọ̀wọ̀, kó gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá gba ife méjì àkọ́kọ́ tó wá kọ ẹ̀kẹta, òun ló ń bú èèyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ́ òkú

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń ka ọjọ́ tiwọn yípo. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún òkú ní hóng, pạt tông ni wọ́n ń pè é. Ìdílé ọlọ́lá máa ń ṣe é ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, àwọn tó kù ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Àwa tí ọjọ́ Ifá ń bọ̀ lọ́rọọrún fún, eléyìí ò ṣàjèjì sí wa. Ẹ bèèrè ọjọ́ tiwọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dé, kẹ́ ẹ má ba wọn jẹun kó tó kan àwọn tó nilé.

Èyí tó tóbi ni xên hươn, ẹbọ ilé, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Wọ́n á pa ẹlẹ́dẹ̀, ẹbí á ti ọ̀nà jíjìn wá, mo, ìyẹn àwòrò wọn, á jókòó, á máa pe orúkọ àwọn òkú ìdílé náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé, á máa bọ́ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Kò gbọdọ̀ fo ẹnì kan. Lẹ́tà tiwọn ni wọ́n fi kọ ìwé náà, Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà, ti gba lẹ́tà ọ̀hún wọlé láti 2009, ó sì ń jáde lórí fóònù wọn, àwa tá a ṣì ń bá àmì ohùn wọ̀yá ìjà lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ á máa wò wọ́n. Àlejò tí kì í ṣe ọmọ ìdílé ò wọ inú hóng nígbà yẹn. Ìta lẹ wà, ẹ máa bá wọn gé ẹran, ẹ máa bá wọn fọ abọ́, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó ń fọ abọ́. Fídíò, rárá, àfi bí olórí ilé bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kẹ́ ẹ ṣe é.

Orúkọ ìdílé wọn kì í pọ̀, Lò, Cầm, Quàng, Cà, Tòng, Lường, kálukú sì ní èèwọ̀ tiẹ̀. Àwọn Lò kì í jẹ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ tăng lò, àwọn Quàng kì í fọwọ́ kan ẹran ẹkùn. Bẹ́ ẹ bá bèèrè èèwọ̀, wọ́n á bèèrè tiyín, kí kálukú yáa ti bi bàbá ẹ̀ léèrè nílé kó tó wọ bàálù. Ó máa ń ṣe mí láàánú bí ọmọ Ifẹ̀ ṣe ń dúró tí kò mọ oríkì tàbí èèwọ̀ ilé ẹ̀, tí ọmọ orí òkè sì ń ka tiẹ̀ wàràwàrà.

Bí wọ́n bá so òwú mọ́ yín lọ́wọ́

Àwa ní orí kan, wọ́n gbà pé èèyàn kan ní ẹ̀mí 80, khwan ni wọ́n ń pè wọ́n, 30 níwájú, 50 lẹ́yìn. Ọ̀kan lè bẹ̀rù kó sá lọ, bí èèyàn bá ṣubú sódò, bí ọ̀kadà bá fẹ́ gbá a, tàbí kó kàn ṣáko lọ fúnra ẹ̀, ara ẹni náà á wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, oúnjẹ ò ní wọlé. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é padà, tí wọ́n á so òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ kó má baà tún lọ. Wọ́n lè so ó fún àlejò tó fẹ́ rìn jìnnà. Ẹ nawọ́, ẹ dákẹ́, ẹ má já a kúrò lójú wọn, ẹ má sì gé e lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń le nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, òwú yẹn á máa ba ẹlòmíì lẹ́rù. Èmi ò ní sọ ohun tí ẹ̀sìn yín gbà fún yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá máa kọ̀ ọ́, ẹ tètè sọ fún olórí ilé ní kọ̀rọ̀, pẹ́ ẹ̀sìn yín ni, á yé e, àwọn náà ní èèwọ̀. Ohun tí mi ò lè gbà ni ẹni tó máa jẹun wọn tán, tó máa wá dìde láàjìn tó máa máa gba àdúrà ariwo yí ààrò wọn ká, pé òun ń lé ẹ̀mí òkùnkùn. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé bàbá yín n'Ìrèmọ, ẹ ó gbé báàgì ẹ̀ síta ni.

Bí òkú bá sùn

Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Ẹ má sá lọ, ẹ má sì ṣe bí ẹni wo ìran. Lílọ sọ́run lọ́dọ̀ wọn, ìrìn àjò tó ní ọ̀nà ni. Àwòrò wọn yẹn, mo, á jókòó ti òkú, á máa júwe ọ̀nà fún ẹ̀mí ẹ̀, ó gba abúlé báyìí, ó kọjá odò báyìí, ó gun òkè báyìí, títí tó fi máa dé Mường Lò níbi tí àwọn baba ńlá ti kọ́kọ́ sọ̀, ibẹ̀ ló ti máa gòkè lọ sọ́run. Kò síbi tí Tai Dúdú kú sí tí wọn ò ní mú un gba Mường Lò padà. Ẹni tó bá wá láti ìlú tí wọ́n ń pè ní orírun ni kó gbọ́ èyí dáadáa, torí nígbà tí mo gbọ́ ọ, ńṣe ni mo jókòó.

Sísun ni àwọn Tai Dúdú máa ń sun òkú wọn, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àwọn àna ọkùnrin lẹ máa rí tí wọ́n ń sáré sókè sódò, iṣẹ́ ọwọ́ àna pọ̀ gan-an níbi òkú, ọkọ àkọ́bí obìnrin ló sì ń ṣe kókó wọn, tiwa kí àna gbé màlúù wá kó sì jókòó sábẹ́ kánópì kọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran wọ́n lọ́wọ́, ẹ fún wọn ní owó díẹ̀ tàbí ìrẹsì, ẹ bá wọn la igi. Obìnrin tí ọkọ ẹ̀ kú á tú irun ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má bi í pé kí ló dé tí ò di í.

Irun, aṣọ, ijó

Abilékọ Tai Dúdú máa ń ká irun jọ sí àárín orí gan-an, tằng cẩu ni, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún un, ọmọge ni í di tiẹ̀ sẹ́yìn. Nípa báyìí ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ lè máa wo àti ẹni tí ẹ ò gbọdọ̀ wo, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá. Ẹ má fọwọ́ kan irun yẹn rárá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyá kan lórí ọ̀kadà, àkẹtẹ̀ ọlọ́kadà gbé ara ẹ̀ sórí ìdì irun náà lókè réré, okùn ẹ̀ ń jà lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń sáré lọ ọjà bí ẹni tí ò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n ti wá ń ṣe àkẹtẹ̀ tí orí ẹ̀ ga fún irú wọn báyìí.

Gèlè wọn ni piêu, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró tí wọ́n fi òwú aláràbarà ṣe iṣẹ́ sí létí. Aró yẹn jọ ti ẹlú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀bùn kúrò nílé, ẹ lọ sí ọjà Odò-Ògbè, ẹ wá àdìrẹ ẹlú gidi, ẹ má ra ti Ṣáínà. Àwọn ìyá yẹn á gbé e sí imú, wọ́n á fi èékánná ha á, wọ́n á tú etí ẹ̀ wò, lójú ẹsẹ̀ wọ́n á mọ̀ bóyá ìkòkò aró ló ti jáde tàbí ẹ̀rọ. Ti ẹ̀rọ ò níyì lójú wọn. Obì àti ata gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á.

Ijó wọn ni xòe. Ẹ má lọ́ra, kò sí ìgbésẹ̀ tó le níbẹ̀, ẹ di ọwọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti òsì mú, ẹ máa yípo bí wọ́n ṣe ń yípo, ọmọdé àtàgbà ló ń jó o. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá àṣà ayé ní 2021, Ifá tiwa ni wọ́n kéde ní 2005. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ máa ń fẹ́ fi ìdí jó sí i, ẹ rọra, ijó yẹn kì í ṣe ti Ọlọ́jọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ

Owó tẹ́ ẹ bá jọ ṣàdéhùn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fún ìyá ilé, kì í ṣe kẹ́ ẹ jù ú sórí ẹní. Ẹ má pín súìtì fún àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ lọ, ìyá wọn ló máa gbọ́ ẹkún ẹ̀ lọ́la. Ẹ kí àgbà ilé kẹ́yìn, níbi tó jókòó sí, kẹ́ ẹ tó gba àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ gbà wọlé yẹn náà sọ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà, àwọn àgbà ibẹ̀ fẹ́ràn èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní Hanoi kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, dírẹ́bà á gbé e dé. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ lo WhatsApp, Zalo ni gbogbo wọn wà lórí ẹ̀, torí náà ẹ dáńlóòdù ẹ̀ sórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní Hanoi, nẹ́tíwọ́kì orí òkè yẹn ò ṣe é gbọ́kàn lé.